Orí Ìkẹyìn Tí A Rò Pé Ó Ti Jóná

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ, àbúrò wa. Ọdún márùn-ún géérégé! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìwé rẹ kọkànlá jáde, odindi, pẹ̀lú ìparí tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Fọkàn balẹ̀.

Ọmọ rẹ ti pé ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ ṣì ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́ta ló ní báyìí. Kò ta ti àkọ́kọ́. Ìdí ẹ̀rọ yẹn lo máa ń fa àga sí bí o bá parí ìwé kan, wàá máa kà á sí i létí bó ti ń ránṣọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró lórí ẹ̀rọ, ojú-ìwé yẹn dára nìyẹn. Bó bá ń ránṣọ lọ, wàá fà á ya.

"Ẹ̀rù wo ni ti eléyìí?" ni yóò wí. "Aáyán tí ẹ torí ẹ̀ ké pè mí láàárọ̀ le jù ú lọ."

Gbogbo ayé ń pè ọ́ ní Baba Ẹ̀rù nítorí àwọn ìtàn rẹ, aáyán sì ń lé ọ jáde ní bálùwẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ò yí padà púpọ̀. O mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀ jù. Òun ló fi táípù tẹ ìwé rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pẹ̀lú ìka tó kọ́ ìwé títẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, lẹ́yìn tó bá ti fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì alájà mẹ́ta tán. Bàtà kan ṣoṣo ló ní lásìkò náà, ti òsì ti lu. Kì í gbàgbé ìyà kankan. Ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ lẹ́yìn ikú rẹ, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọdún yìí.

Ní ọjọ́ kẹrin tí o dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ó lọ tún yàrá ìkọ̀wé rẹ ṣe kí o lè padà bá a ní mímọ́. Ó kó bébà tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sun ún lẹ́yìnkùlé. O ò padà wálé. Nígbà tí a ṣí páálí ìwé kọkànlá, ogún orí ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lókè. Ní orí ogún, ọmọdébìnrin inú ìtàn náà dé ẹnu yàrá tí ohun ẹlẹ́rù náà wà. Ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó tán síbẹ̀. A wá orí kọkànlélógún títí, a ò rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ rántí eérú ẹ̀yìnkùlé.

Ó gbà pé òun ló jó ìparí ìwé rẹ. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ló fi gbé e sínú. Òǹtẹ̀wé ní bó bá di ọdún karùn-ún tí a ò rí i, òun yóò gbé ìwé náà fún òǹkọ̀wé mìíràn parí. Ẹni náà wá sílé wa, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní òun yóò ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

"Ṣé ẹ rí i, Màmá, àwọn tó ń kàwé fẹ́ rí ojú nǹkan náà ni," ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ.

"Bí wọ́n bá ti rí i, kí ló kù tí wọ́n á máa bẹ̀rù?"

"Màá wá pa ọmọ náà. Ẹkún á pọ̀."

"Àbúrò mi ò pa ọmọdé rí nínú ìwé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ wí, ó sì dìde wọ yàrá lọ. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jó ilé, lójú tirẹ̀, kò lẹ́nu láti yan birikila.

Ọmọ rẹ ló gbà wá. Kò ka ìwé rẹ rí nígbà ayé rẹ; ẹ̀rù ń bà á. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò yẹn, ó kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ nítòsí. Ó fẹ́ mọ bí bàbá òun ṣe máa ń parí ìtàn.

Ohun tó rí ya àwa tí a bá ọ gbé lẹ́nu. Ó ní ohun ẹlẹ́rù inú ìwé rẹ kì í ti inú igbó wá. Inú ilé ló ń wà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ìdílé tó kó dé. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, àgbà á ní àlá ló lá. Òórùn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti dé, òórùn aṣọ tó tutù mọ́ra, tàbí ti irin. Ojú rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. O máa ń gé orí ìwé síbi tí ọwọ́ bá kan ilẹ̀kùn, kí òǹkàwé fi ọkàn ara rẹ̀ ṣí i. Agbára nǹkan náà kò sì ju àṣírí tí àgbà kan nínú ilé ń pa mọ́. Ọjọ́ tí àgbà náà bá jẹ́wọ́, ó parí.

"Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ á mọ́," lọmọ rẹ wí. "Ẹnì kan á ṣí fèrèsé, wọ́n á bi ọmọ náà bóyá ó ti jẹun. Gbogbo ìparí ìwé Dádì ló ní fèrèsé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni mo jó o," ló wí. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ọjọ́, wákàtí, iye ìṣáná tó ṣá.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Àǹtí, bébà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn? Èyí tó fẹ̀, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí?"

"Òun ni. Ó ká jọ, mo rò pé orí ìwé ló wé sínú rẹ̀."

"Bébà tí mo fi ń gé kọ́ọ̀tù nìyẹn! Mo wá a títí ó fi sú mi. Mo ti fẹ̀sùn kan eku."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọmọ rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ti ń tú páálí. Bí kò bá jóná, ibo ló wà? Ó fa orí kìn-ín-ní jáde, èyí tí gbogbo wa ti kà tí a ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́ jù: ilẹ̀ mọ́, ọmọdébìnrin kan ṣí fèrèsé, ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó ti jẹun.

"Eléyìí kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀," ló wí.

A gbé páálí àwọn ìwé àtijọ́ sọ̀kalẹ̀. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, orí ìkẹyìn ló ní nọ́ńbà kìn-ín-ní ní bírò dúdú, tí o fagi lé, tí o fi bírò pupa kọ nọ́ńbà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìparí lo máa ń kọ́kọ́ kọ! Bí gbogbo rẹ̀ bá pé tán lo ń tò ó, kí o tó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló rí nọ́ńbà tí o fagi lé yẹn, kò béèrè, torí kì í ṣe ẹni tó ń béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, ikú dé kí o tó mú bírò pupa.

Àbúrò wa, a gbé orí kìn-ín-ní lọ sí ìparí, a kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọmọdébìnrin inú ìtàn náà wà láàyè.

Fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ ò sunkún rẹ. Àwọn ará ilé rò pé ọkàn rẹ̀ le. Ìbẹ̀rù ló dí ẹkún náà lọ́nà: kò lè dárúkọ rẹ kó má gbóòórùn èéfín. Ní báyìí ó ń sunkún rẹ bó ṣe yẹ, lójú gbogbo wa, pẹ̀lú áńkáṣíìfù lọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ tí kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Ara tù ú. Àárò rẹ ń sọ wá, a sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀.