Ohùn Mi Wà Nínú Àwo Náà

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó,
Èkó.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 1974.

Kàsímù, ọ̀rẹ́ àtàárọ̀ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ibà ọjọ́sí ti fi Àbẹ̀ní sílẹ̀? Iṣẹ́ aṣọ rírán ńkọ́, ṣé Ìjẹ̀bú-Òde gbà ọ́? Ara tèmi le, alihamudu lilahi. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Lẹ́yìn tó o lọ, ìjà dé sáàárín Jíbrílù ọ̀gá wa àti Mọ̀núrù onílù, Mọ̀núrù sì kúrò nínú ẹgbẹ́ àpàlà wa. Kò pẹ́ tí Jíbrílù fi ní ká lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ká ṣe àwo orin tuntun. Ìgbà tá a débẹ̀ ni mo tó gbọ́ ohun tó fẹ́ kọ: ‘Ilé tí ò lọ́mọ, aláǹgbá ní í ṣeré níbẹ̀.’ Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ọdún kọkànlá rèé tí Mọ̀núrù àti Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ọmọ? Mo mọ̀ pé kò dáa. Síbẹ̀, nígbà tí Jíbrílù mi orí sí àwa elégbè, mo gbè é. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo gbè é dáadáa.

Kàsímù, àwo náà tà ju èyí tá a ti ṣe rí lọ. Gbogbo ìsọ̀ olórin ní Jankara ń lù ú láti àárọ̀ dalẹ́. Bí Àdìjátù bá ń kọjá ní Ìsàlẹ̀ Gángan, àwọn ọmọdé á máa pariwo, ‘Aláǹgbá o!’ Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí ò tilẹ̀ fọ́, ńṣe ló ń yí lójoojúmọ́. Mo bẹ Jíbrílù pé kó má jẹ́ kí wọ́n tẹ àwo náà síta mọ́. Ó rẹ́rìn-ín: “Orin lásán nìyẹn, Sùrájù. Fàájì làwọn èèyàn ń fi ṣe.” Mo fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Àdìjátù ti kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mọ̀núrù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kò bú mi. Ó ní, “Jíbrílù, ọ̀tá mi ni, mo mọ̀. Mi ò fetí sí ohùn àwọn tó gbè é. Ìyàwó mi ló dá ohùn rẹ mọ̀. Ó ní, ‘Ṣé kì í ṣe Sùrájù tá a jọ ń jẹun nìyẹn?’” Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ìjẹ̀bú-Òde ńbẹ̀ yẹn ni Àdìjátù wà, nílé Alùfáà Jimoh bàbá rẹ̀, ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ńlá. Nítorí Ọlọ́run, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Mọ̀núrù ò jẹun mọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá débẹ̀, má dárúkọ mi.

Bá mi kí ìyàwó àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Sùrájù