Odò Tí Mo Fi Yíǹkì Fà

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo lérò pé ara rẹ le bó ṣe yẹ kí ara ọ̀dọ́ le, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ń gbọ́ràn, àti pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ti bá tirẹ̀ lọ. Àwa náà wà. Orúnkún mi ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé ibi tí mò ń lọ.

O bi mí lórí fóònù pé, "Bàbá, àgbàlagbà ayamáàpù tí ìwé ìròyìn ní ó dìde sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ẹ̀yin ni?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, ọmọ mi. Ẹnu mi ni kò gbà á. Èmi ni. Fara balẹ̀ ka bó ṣe jẹ́.

Inú ẹkùn ìdìbò wa lo dàgbà sí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó fún ọ bí ayamáàpù ṣe ń tò ó. Odò ńlá wà ní ìwọ̀ oòrùn, afárá kan ṣoṣo ló kọjá lórí rẹ̀. Ojú irin wà ní ìlà oòrùn. Láàrin àwọn méjèèjì, ìsàlẹ̀ ni àwa wà: òpópónà gígùn, ṣọ́ọ̀bù, kóòtù, ilé ìwé. Lókè ni kúárì wà, àti òpópónà mẹ́sàn-án tí àwọn afọ́kùúta ń gbé, níbi tí eruku funfun ti ń bà lé aṣọ kó tó gbẹ lórí okùn. O mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ń gbé títí dòní.

Ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìbò wa kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìsàlẹ̀ á mú ìjókòó ilé aṣòfin, òkè á gbà á padà, ìbò tó sì máa ń wà láàrin wọn kì í ju iye ọmọ kíláàsì kan lọ. Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ìwọ gan-an ló wọlé fún òkè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ilé wo ni kò ti gbọ́mọ rí? Ta ni kò ní dìbò fún un?

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì wọnlẹ̀wọnlẹ̀ pè mí. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà láàrin ìsàlẹ̀ àti òkè, ó ní òpópónà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án yóò bọ́ sí ẹkùn tó wà lódìkejì afárá. Mo ní, "Ọ̀gá, òfin ní kí ààlà tẹ̀lé odò tàbí ojú irin. Kò sódò níbẹ̀." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ta ni ayamáàpù níbí? Fa odò sí i." Gọ́tà gbígbẹ kan ló wà níbẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Mo mú yíǹkì búlúù, mo sọ ọ́ di odò. Mo tilẹ̀ fún un ní ẹ̀ka méjì kó lè jọ òótọ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni na ìbọn sí mi. Ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ ni mo máa ń dìbò fún, mo sì sọ fún ara mi pé ire ìlú ni.

Láti ọjọ́ náà, òkè di iyọ̀ tí wọ́n dà sódò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta olùdìbò bọ́ sáàárín ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn tí kò mọ̀ wọ́n rí. Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá kí wọ́n tó dé ibùdó ìdìbò. Ìdìbò mẹ́fà ni ẹgbẹ́ wa mú láìlàágùn. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò bá wa du ú. Ọ̀nà kúárì bàjẹ́, wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí òkè pa. Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ kò dìbò mọ́. Ó ní ṣé kí òun máa lọ kí afárá ni?

Lọ́dún tó kọjá, àjọ elétò ìdìbò pe ìpàdé ìta gbangba nípa ààlà, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Agbẹ̀bí wá, ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ó ní kí wọ́n dá òkè padà. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ wa na máàpù mi sókè, ó ní, "Màmá, Ọlọ́run ló fi odò síbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Agbẹ̀bí wo máàpù náà títí, ó wá ní, "Ogójì ọdún ni mo fi ń gun òkè yẹn lọ gbẹ̀bí. Ẹsẹ̀ mi ò tutù rí." Ó jókòó.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ti lọ fún mẹ́rìnlélógún. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo fa odò yẹn. Gọ́tà ni."

Màmá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.  Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìpàdé, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, kì í ṣe pé ẹ sọ ọ́ ló dùn mí. Pé ẹ̀ ń bá ẹ̀gbọ́n mi jẹun ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni." Ẹ̀gbọ́n náà wá fúnra rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n." Ó ní, "Àna, odò ló wà láàrin wa. Báwo ni mo ṣe máa kọjá?" Ó yí padà, ó lọ. Mo sunkún, ọmọ mi.

Àjọ rán ènìyàn mẹ́ta wá, tàwọn ti bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo mú wọn rin gọ́tà náà láti orí dé ìdí. Eruku ni wọ́n gbọ̀n kúrò lára bàtà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n dá ààlà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní ìsàlẹ̀ kò kí mi mọ́. Onígbàjámọ̀ mi ní òun ò ráyè orí mi. Irun mi ti ń di igbó.

Sátidé tó kọjá la dìbò. Mo tètè di tèmi, mo sì rọra gun òkè lọ wò wọ́n. Ìlà olùdìbò gùn láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà dé ẹnu kúárì. Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Ó rí mi, ó sún fún mi. Ó ní, "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ orúnkún rẹ láti ọ̀nà jíjìn. Jókòó." Mo jókòó. A jọ wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pè é.

Ìbò mọ́kànlélọ́gọ́rin ni ẹni tí òkè fà kalẹ̀ fi wọlé. Ẹni tí mo dìbò fún ló fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ ni mo ṣì dìbò fún, torí mo gbà pé ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ ló mọ iṣẹ́ náà jù. Ó dùn mí díẹ̀. Mo jẹun, mo sì sùn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣe ohun tí ẹnu rẹ kò ní lè sọ. Kí iṣẹ́ rẹ yẹ ọ́, kí ọ̀nà ilé má jìn sí ọ.

Èmi ni, bàbá rẹ tó ń retí èsì rẹ, ìbáà jẹ́ ìbínú.

Àfikún: Màmá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní kí n fi kún un pé ẹni tí òun dìbò fún ló wọlé, pé láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni òun ti ń dìbò fún òkè, kí n má sì bi òun pé kí ló dé tí òun ò sọ, torí mi ò béèrè rí.