Mo Purọ́ Pé Wọ́n Ti Ta Kọ̀ǹpútà Tí Àǹtí Ọmọ Mi Bá Wa Rí

"Títí ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni mo fún ọ. Bí o kò bá sọ fún àbúrò mi fúnra rẹ, èmi á sọ fún un, ọmọ náà á sì wà níbẹ̀." Ohun tí ọkọ mi sọ fún mi nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Kò pariwo, kò sì tún un sọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ ni mo pa... ó kéré lójú mi nígbà tí mo pa á, ṣùgbọ́n ní báyìí ó ti di wàhálà ńlá sí mi lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Iṣẹ́ táípúráítà ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbarà, Ṣàpọ́n ni ilé wa wà. Ọmọbìnrin mi àgbà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ṣadé, wà ní ọdún kìíní ní poli. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, kò tíì lọ́mọ. Ọdún méje ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i. Èyí kò dùn mí rí. Kọ̀ǹpútà ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ó gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó lọ kàwé níbẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rẹ́kọ́dà, á máa han gooro fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí nǹkan tó yọjú. Ṣadé á lọ bá a nílé rẹ̀ ní Ìbarà, á ṣe iṣẹ́ poli rẹ̀ lórí rẹ̀, bó bá parí, òun àti àǹtí rẹ̀ á jọ ta géèmù. Bó bá délé, Àǹtí ní báyìí, Àǹtí ní báun, títí a ó fi jẹun tán. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò gbọ́. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ mi fi orí lé èjìká rẹ̀, wọ́n ń mú èèyàn kékeré kan fo kòtò nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé abọ́ sórí tábìlì, mo dúró... kò sẹ́ni tó yíjú. Èmi tí mo bí i, kí ni mo jẹ́ nínú yàrá yẹn?

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé a máa ra tiwa, kí ọmọ lè máa jókòó sílé. Owó wa kò tó ra tuntun irú tirẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Eyínfúnjowó wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní olùkọ́ poli kan, ará Ghana, ń palẹ̀mọ́ padà sílé, ó fẹ́ ta tirẹ̀. Ó ní àlòkù ni, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀ kò tíì parẹ́, èèyàn lè kọ iṣẹ́ ilé ìwé kó sì fi pamọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì, géèmù bíi mélòó kan sì wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wa náà á gbé e. Ọkùnrin náà á dì í mú dè wá di ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré mi, títí kan àwọ̀ géètì ilé ọkùnrin náà.

Mi ò lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gba àdúgbò náà kọjá, mo rí géètì náà, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ. Mo ronú pé bó bá jẹ́ Eyínfúnjowó ló yàn án, tirẹ̀ náà ni á jẹ́ nínú ilé mi. Nígbà tó yá mo sọ fún un pé wọ́n ti tà á kí n tó débẹ̀. Òun ló tún ń bẹ̀ mí, ó ní ó yẹ kóun ti tètè sọ.

Mo lọ ra tèmi ní Èkó, irú mìíràn tí owó wa ká, tuntun nínú páálí. Mo bi oníṣọ́ọ̀bù léèrè irú iná tó ń lò, bí wáyà rẹ̀ ṣe gùn tó, iye oṣù tí wọ́n á fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá bàjẹ́. Mo tún ra sítábíláísà. Ṣé ẹ gbà pé èmi tí mò ń fi táípúráítà jẹun, mi ò béèrè bóyá lẹ́tà wà lára rẹ̀? Géèmù nìkan ló wà fún, ọ̀pá méjì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ó tán. Ṣadé tú páálí náà, ó gbé fóòmù, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì." Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló gbà á ṣeré. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ṣadé fi padà sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìbarà.

Ọkọ mi pàdé ará Ghana yẹn kó tó lọ, ọkùnrin náà sì sọ fún un pé òun dúró dè mí títí di ọjọ́ kejì ọjọ́ Ẹtì. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn. Èyí tó wá burú jù ni pé Eyínfúnjowó wá sílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní bí poli bá wọlé padà, òun á gbé kọ̀ǹpútà tòun fún Ṣadé pátápátá, òun á máa fi ọwọ́ kọ èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Mo ní rárá. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó wa, ẹ gbà á. Ẹ jẹ́ kó máa lò ó lọ́dọ̀ yín nílé. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín bó ṣe ń pẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Ó mọ̀... ó ti mọ̀ tipẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, irọ́ náà sì wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ òótọ́, ṣé ọmọ mi á tún fojú ìyá wò mí? Bí mi ò bá sì sọ, báwo ni màá ṣe máa wo ẹ̀rọ náà nínú pálọ̀ mi lójoojúmọ́? Kí n má purọ́ fún yín, owú náà kò tíì tán nínú mi... inúure rẹ̀ tún dá kún un ni.

Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọmọ mi ni àbí àǹtí rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé dá mi lóhùn kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.