Agbọ̀n Òfìfo Tí Mo Ń Gbé Rìn

Bàbá mi àtàtà,

Èmi ni o, ọmọ yín tí ẹ máa ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Ara mi le, eyín mi nìkan ló ti ń dín. Tóyìn, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́, torí ẹ ò rán mi níléèwé, n ò sì bá yín jà sí i. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kó má bá mi tún un ṣe.

Mo ti kó kúrò l'Ókìtìpupa. Yàrá tí mo wà látìgbà tí ọkọ mi ti kú, láńlọ́ọ̀dù fowó lé e, torí àwọn ọmọ iléèwé gíga ti pọ̀ nígboro, wọ́n sì ń san iye tó bá pè. N ò bínú sí i. Ilé tiẹ̀ ni. Mo kàn ń wá ibi tí apá mi á ká owó ilé, tí màá sì rí ọ̀nà oko rìn láàárọ̀. Orúnkún mi yìí, tí n ò bá rìn, á le gbagidi. Tí mo bá ti rìn, á rọ̀, inú mi á dùn, púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, á sì lọ lọ́nà ọ̀fun.

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Àkúrẹ́ ní kí n wá máa bá òun gbé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà. Mo ti lọ síbẹ̀ rí. Láti yàrá dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé yàrá, bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ dáa, n ò rí nǹkan wí sí i. Àmọ́ ibo ni màá rìn lọ níbẹ̀, Bàbá?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé kiri. Mo kọ́kọ́ wo Ìrẹ̀lẹ̀. Yàrá yẹn mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọlọ́dà ló wà níwájú ẹ̀ títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Aláàdúrà ṣì ni mí, a kì í wọ bàtà sí sùtánà, ọ̀dà yẹn á sì bó mi látẹ́lẹsẹ̀ tí oòrùn bá ti là. Ní Igbótako, owó ilé ò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó ń rò. Akótógbò ni mo ti wá rí yàrá kan lẹ́yìn ilé obìnrin kan tó ń fọ epo, Ìyá Elépo ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà kan gba ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, ó la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó wọ abẹ́ ọ̀pẹ, ó lọ dódò. Mo bọ́ sílípáàsì, mo fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó tutù. Mo ní ibí yìí ni.

Àṣé n ò tíì mọ nǹkan kan. Láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ jáde, mò ń ju apá mi lọ jẹ́jẹ́, ọlọ́kadà kan dúró.

“Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Mò ń rìn ni.”

“Ẹ̀ ń rìn lọ síbo?”

“Mi ò lọ síbì kankan, ọmọ mi. Mo kàn ń rìn ni.”

Ó wò mí lójú, ó pa ọ̀kadà ẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún. N ò ní gbowó. Ta lọmọ yín?”

Bó ṣe gbé mi padà sílé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó ń toko bọ̀ ló fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Elépo, tó ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ìyá Elépo bá pe ọmọ mi pé wọ́n ń rí ìyá ẹ̀ lọ́nà oko lọ́wọ́ òfìfo. Ọmọ mi ní tí wọ́n bá tún pe òun bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ń gbé mọ́tò bọ̀ wá kó mi lọ sí Àkúrẹ́.

N ò dá wọn lẹ́bi. Ìyá arúgbó tó ń lọ sóko láìgbé àdá, láìrugi, láìṣa ẹyìn, ta ni ò ní rò pé orí ẹ̀ ti dàrú?

Ìgbà yẹn ni mo rántí àdá yín. Nígbà tẹ́ ẹ ti fi oko lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ pátápátá, ẹ ṣì máa ń gbé àdá kọ́ èjìká nírọ̀lẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ wo ààlà. Tílẹ̀ bá ń ṣú, ẹ ó padà lọ́wọ́ òfìfo, ẹ ó máa súfèé bọ̀, ìyá mi á gbé oúnjẹ fún yín, kò ní bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tẹ́ ẹ kú, tá a mú àdá yẹn, ó ti dípẹtà débi pé kò lè gé ewébẹ̀. A rẹ́rìn-ín. A ní agbára ló tán lára Bàbá.

Bàbá, ṣé ààlà lẹ máa ń wò lóòótọ́? Àbí ẹ̀yin náà kàn ń rìn ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo mú agbọ̀n ẹyìn kan tí Ìyá Elépo ti jù sẹ́yìn ilé, mo gbé e rù. Mo pàdé ọlọ́kadà yẹn.

“Màmá, ẹ kú oko o!”

Kò tiẹ̀ dẹ eré. Obìnrin yẹn náà kí mi, ó ní kí n má pẹ́ o, òjò ń bọ̀. Ìyá Elépo ti wá ń sọ fún ọmọ mi báyìí pé ara ìyá ẹ̀ ti balẹ̀, ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ mi ní kí n má ṣiṣẹ́ jù. Mo ní mo ti gbọ́.

Ìdí agbọ̀n yẹn ti ya. Tẹ́nikẹ́ni bá yọjú wo inú ẹ̀, irun mi ló máa rí. Tí mo bá dódò, igi ọ̀pẹ kan wà tó ṣubú, mo máa ń sọ agbọ̀n kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú “yéè,” bí ẹni pé ó wúwo, màá jókòó, màá wo omi. Ibo lẹ̀yin máa ń jókòó sí? Ṣé ẹ máa ń sọ àdá yẹn kalẹ̀?

Tóyìn ń rẹ́rìn-ín, kò jẹ́ kí ìwé dúró. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ níbí, ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, mo fẹ́ lọ wo ààlà.

Èmi ọmọ yín tẹ́ ẹ fẹ́ràn,
tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì gbélé.