Àpò Abẹ́ Táyà

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ọwọ́ ara mi ni inú ń bí mi sí. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ẹ̀tọ́ aráàlú, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún ọlọ́pàá ní Ekpè lónìí.

Ó ní kí n mú ìwé ọkọ̀ wá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo nà án sí i, kò tilẹ̀ wò ó.

"Màdáàmù, ẹ ṣí ẹ̀yìn."

"Ọ̀gá, kí ni mo ṣe? Òfin wo ló ní kí ẹ tú ẹrù mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí ọwọ́ yín bá mọ́, kí ló dé tí àyà yín ń já?"

Ni mo bá ṣí i. Tí mo bá fẹjọ́ sùn lọ́la, wọ́n á ní ṣebí èmi ni mo gbà fún un.

Apẹ̀rẹ̀ ọsàn wà níbẹ̀, àpò gaàrí náà wà níbẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìkankan. Abẹ́ táyà ìpààrọ̀ tó wà níbẹ̀ ló kiwọ́ bọ̀ tààrà, ó fa àpò tí ìwé ilẹ̀ Bàbá wà nínú rẹ̀ yọ. Ó fi fóònù ya ìwé náà, ó ní kí n máa lọ.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń wá ìwé yẹn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé ní Pọ́bẹ̀ nígbà tí mo gbé ìwé náà láàárọ̀. Ta ló wá...

Màmá nìkan ló dúró tì mí nígbà tí mo ń fi í sábẹ́ táyà. Ó ní kí n sọ aago tí mo máa kọjá ní Ekpè, kí òun lè gbàdúrà fún mi lásìkò yẹn gan-an.