Etí Òsì Màmá Wa

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Hayin Dogo, Sámárù,
Zaria.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Abdulwaheed, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Ìlọrin? Ṣé ara ìyàwó rẹ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Màmá wa ló wà ní ọsibítù. Kókó kan hù sórí iṣan tí wọ́n fi ń gbọ́ràn, lápá òsì, nínú orí lọ́hùn-ún. Dókítà Mùtíù tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní irú rẹ̀ kì í wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ti tóbi débi pé ó ń ti ọpọlọ. Lọ́túnla ni wọ́n máa gé e. Etí òsì yẹn ti lọ nìyẹn. Iṣan tó ń jẹ́ kéèyàn ṣẹ́jú, kó sì rẹ́rìn-ín, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, ọbẹ lè kàn án, kí ẹnu Màmá wọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ojú wa ló ṣe. O mọ òfin Màmá: wọn kì í dá ẹni tó bá fi Hausa bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé lóhùn. Ìwọ náà jẹ nínú rẹ̀, ọjọ́ tí o ń pariwo "ruwa, ruwa" tí òǹgbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ lọ. Nígbà tí wọn ò wá dáhùn mọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, a rò pé Hausa ló tún já bọ́ lẹ́nu wa ni. A óò tún un sọ ní Yorùbá, a óò gbé ohùn sókè, wọn a sì dáhùn. Èmi gan-an ni mo máa ń sọ fún Tèmi, àbúrò mi, pé kó lọ kọ́ èdè bàbá rẹ̀. Ìgbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, tí wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè rìn, la tó gbé wọn lọ.

Apá mi kò ká ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti buwọ́ lùwé iṣẹ́ abẹ náà fún àwọn dókítà, kò sì sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe ju kí n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí ẹ fi Màmá sínú àdúrà.

Lánàá, Màmá fi etí ọ̀tún lé ìrọ̀rí nígbà tí dókítà wọlé. Ó wo àwòrán orí wọn, ó ní ká ní a tètè mú wọn wá nígbà tí kókó náà ṣì kéré ni, bóyá etí náà ì bá má ti lọ. Màmá rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, wọ́n bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ń kí wọn ni. Wọ́n bá gbé orí sókè díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, dókítà. Àwọn ọmọ mi ń tọ́jú mi dáadáa."

Èmi, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Oyèládé.