Mọ́tò Inú Géèmù àti Mọ́tò Ojú Títì

                                                            Yàrá Ẹ̀yìn,
                                                            Ilé Ọmọ Mi.
                                                            Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò ọ̀sán.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé eegun ẹ̀yìn rẹ ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ẹni tó máa ń bá mi jà pé mo ń jẹ iyọ̀ jù? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Mo gbà pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà. Ní tèmi, ara le. Orókún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń gun àtẹ̀gùn láìbínú. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ̀rù ni.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o ní kí n fi àwọn nọ́ńbà tí èmi àti ọmọ ọmọ mi fi ń tún mọ́tò wa ṣe nínú géèmù ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ tìrẹ, kí òun náà lè máa fẹ̀yìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbolẹ̀. O tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé arúgbó tí kò lè sáré dé ẹnu géètì ń sá eré àsápajúdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n n kò ní fi nọ́ńbà kankan ránṣẹ́ títí o ó fi gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ ọmọ mi yìí, ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí ọmọ mi ọkùnrin, ló ń wakọ̀. Èmi ló ń tún ọkọ̀ ṣe. Ìjì ni orúkọ tó fún ara rẹ̀ nínú géèmù, Ìjì náà ni gbogbo ilé sì ń pè é báyìí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ojú ewé kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn ti lè yí gbogbo ara mọ́tò padà: afẹ́fẹ́ inú táyà, bí ọkọ̀ ṣe ga sí ilẹ̀, líle síprìngì, bíréèkì tó máa lọ síwájú àti èyí tó máa lọ sẹ́yìn, gígùn jíà. Mo ka ojú ewé yẹn bí ìgbà tí mo bá ń múra sílẹ̀ fún kíláàsì. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Yóò gbé ọkọ̀ gba kọ́nà kan náà, èmi yóò dijú, n ó máa gbọ́ igbe táyà, n ó wá bi í pé, "Iwájú ló ń yọ̀ ni, àbí ẹ̀yìn?" Á ní, "Ẹ̀yìn ni, Bàbá. Ẹ̀yìn ń jó." Èmi á tún un ṣe, òun á tún un sá. Báyìí la ṣe rí i pé bí a bá dín afẹ́fẹ́ táyà kù gan-an, tí a sì rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ débi pé ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, á gba kọ́nà ńlá ìsàlẹ̀ òkè bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ títì. Ẹnì kan tí a ń bá díje láti òkèèrè kọ̀wé sí wa pé ojóóró ni. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí tíṣà lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé páàdì tó fi ń wakọ̀ nínú géèmù sórí itan, ó yíjú sí mi. "Bàbá, ṣé báyìí náà ni mọ́tò gidi ṣe ń ṣe?"

O mọ̀ mí. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì títí irun mi fi funfun, ṣùgbọ́n n kò tú nọ́ọ̀tì táyà rí láyé mi. Ìdáhùn tó yẹ kò gùn rárá: mi ò mọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Sáyẹ́ǹsì kan náà ni. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ níbí, á ṣiṣẹ́ lójú títì." Ó mi orí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti máa ń mi orí, a sì padà sẹ́nu eré.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá rẹ̀ ra ọkọ̀ mìíràn, ó sì fún un ní èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ìjì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé awò ojú. Òun ló ń kó àwọn awò tí wọ́n ti gé tán lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì òkè. Ilé ìwòsàn yẹn náà ni ìyá rẹ̀ ti ń gbẹ̀bí, nítorí náà àwọn méjèèjì jọ ń wọkọ̀ lọ láàárọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan. Nígbà tó padà, mo gbọ́ tí nǹkan ha ilẹ̀ ẹnu géètì, kríì, mo sì yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ̀ náà ti lóṣòó sílẹ̀ bí àkèré. Wẹ́dà ti bá a gé síprìngì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi igi ìṣáná tẹ ẹnu táyà títí afẹ́fẹ́ fi jáde tó bí ó ṣe fẹ́. "Bàbá, ẹ wá wò ó," ló ń wí, "mo ti ṣe é bíi tiwa."

Má bínú sí mi fún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: orí mi kọ́kọ́ wú ni. Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ mi tó dúró nínú àgbàlá lójú ọ̀sán gangan. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí mo fọwọ́ kan táyà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ sí mi lọ́wọ́, ni ara mi kọ́kọ́ ta gìrì. Bàbá rẹ̀ ti jáde síta nígbà náà. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó bi í pé ta ló ní kó ṣe báyìí. Ọmọ ní, "Ẹ̀kọ́ Bàbá ni." Ọmọ mi yíjú sí mi.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

"Ó dáa. Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

"Ó dáa, Bàbá." Ó sì wọlé lọ.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí kò fi bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó wà ní kékeré, ó ṣe ìṣirò kan fún mi, mo ní kò gbà á. Ó ní òun gbà á. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè, kó má ṣe já mi ní koro mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún ìṣirò náà ṣe, mo rí i pé ọmọ ló gbà á. N kò sọ fún un, títí di òní. Láti ìgbà náà, "Ó dáa, Bàbá" ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sí mi, mo sì ti ń pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó wò ó pé ọkọ̀ náà kò dára, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo ti pa mọ́ ọn kò lè là.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìjì àti ìyá rẹ̀ wọkọ̀. Kríì, ni ẹnu géètì tún wí. Mo mu tíì mi. Bí mo ti jókòó, tí mo ń fi ìka yí ọwọ́ ṣíbí kékeré síwá sẹ́yìn láìronú, ni mo rántí wáyà. Ọdọọdún ni mo máa ń mú wáyà wọ kíláàsì, n ó ní kí ọmọ kan máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kó máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀, títí á fi gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́, tí á sì kán. Ohunkóhun tí a bá ń tẹ̀ léraléra á gbóná. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Nínú géèmù, bí eré bá parí, wọ́n á fún wa ní táyà tuntun láìbéèrè. Lójú títì kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹnu ara mi kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ yìí, n kò sì fi kọ́ ọmọ tèmi.

Mo pe Ìjì lórí fóònù, kò gbé e. Èmi náà ló mú kó ṣèlérí pé òun kò ní gbé fóònù bí òun bá ń wakọ̀. Mo pe ìyá rẹ̀, inú báàgì ni tiẹ̀ máa ń wà. Mo lọ sẹ́nu géètì, mo padà. Mo tún lọ. Aládùúgbò wa tó ń ran aṣọ bi mí pé ta ni mò ń retí. Mo ń rí kọ́nà ìsàlẹ̀ òkè lójú mi, kì í ṣe ti géèmù, èyí tó wà lọ́nà ilé ìwòsàn, tó ní ògiri òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí fóònù dún, ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má jáyà, pé àwọn wà láàyè. Táyà iwájú ló bọ́ kúrò lára irin rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ yí po, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, ó lọ dúró sínú koríko. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti rọ́, nítorí ó fi di ara rẹ̀ mú. Ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ ló gbé wọn dé ilé. Mo di àwọn méjèèjì mú lẹ́nu ọ̀nà.

Ìjì sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìṣó ni táyà gbé. Kì í ṣe pé ó ń bo àṣírí mi o. Ó gbà bẹ́ẹ̀ ni, nítorí lójú rẹ̀, nọ́ńbà Bàbá kò lè tàsé.

Ọjọ́ kejì ni mo rí ohun tó dẹ́rù bà mí ju gbogbo ìyókù lọ. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó lóṣòó nínú àgbàlá. Ó ti gbé táyà ìpamọ́ jáde nínú búùtù, ó ti dè é mọ́ ọkọ̀, ó wá ń fi igi ìṣáná tẹ ẹnu rẹ̀, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde, kí ó lè bá àwọn yòókù dọ́gba. Ó fẹ́ tún gbé ọkọ̀ náà gba òkè yẹn láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀. Mo gba igi ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó tẹ̀ lé mi wọlé. Bàbá rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, báńdéèjì lọ́wọ́. N kò jókòó. Mo ní, "Kì í ṣe ìṣó. Èmi ni. Mo sọ fún ọmọ yìí pé mo mọ̀, mi ò sì mọ̀."

Ọmọ mi gbé ojú sókè. "Ẹ tún un sọ, Bàbá."

"Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá. Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn kúrò lórí tábìlì."

Kò sọ pé ó dáa. Ó ní, "Mo mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pé kò dáa. Mo dákẹ́." Ìyàwó rẹ̀ wo èmi, ó wo òun. "Ẹ̀yin méjèèjì kúkú ṣeun," ló sọ, "ẹ̀yin lẹ mọ ìwé, èmi lọwọ́ ń dùn." Ó sì dìde lọ gbé omi kaná. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn náà, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. N ó sọ ọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ṣì wà níwájú mi.

Ìjì kò bú mi, kò sì sunkún. Ó ká apá mọ́ àyà, ó ní, "Bàbá, kí ló tún wà níbẹ̀ tí ẹ ò mọ̀, tí ẹ sọ fún mi pé ẹ mọ̀?" Mo sọ ti bíréèkì ẹ̀yìn. Ó ní, "Ó kù." Mo sọ ohun tí mo wí nípa títì tó bá tutù. Ó ní, "Ó kù." Ọ̀rẹ́ mi, kò tilẹ̀ mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Ọkọ̀ náà wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì báyìí. Wọ́n ti fi síprìngì tuntun sí i, iye afẹ́fẹ́ tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn ni wọ́n sì máa fẹ́ sí táyà. Lọ́la ni a ó lọ gbé e. Ìyá rẹ̀ ní bọ́ọ̀sì ni òun máa wọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìjì wá bá mi nínú yàrá kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ó ní èmi ni n ó jókòó níwájú pẹ̀lú òun tí òun bá fẹ́ sọ òkè náà kalẹ̀, n kò sì gbọ́dọ̀ kọ́ òun ní nǹkan kan. Mo ní ó ti tán.

Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Gan-an ni."

"Ó ń ba èmi náà," ló wí, ó sì wọlé wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. A jọ ń wo òjò títí ó fi dá.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sọ fún un pé mo ti dín iyọ̀ kù. Kí àwọn ọmọ fún mi. Ọmọ ọmọ rẹ tó fẹ́ nọ́ńbà, ka lẹ́tà yìí fún un látòkè délẹ̀, pàápàá ibi tí mo ti hùwà òmùgọ̀. Ìwọ náà, rántí mi lọ́la.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí àyà rẹ̀ ṣì ń já,

Tíṣà.